Ohùn Tó Wálẹ̀: Bad Brains àti Àwo Wọn Tọdún 2012

Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo gbé àwo náà wọlé. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo ti ń fi èékánná ya ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Mo gbé e sórí giramafóònù, mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sí etí rẹ̀, mo sì dúró gbagidi pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, bí ẹni tó ń retí àlejò tí ojú rẹ̀ ti wọ́n lójú òun. Kí orin kẹta tó parí, mo ti jókòó. Inú mi bàjẹ́.

Into the Future ni orúkọ àwo náà. Ẹgbẹ́ Bad Brains ló kọ ọ́, ilé iṣẹ́ Megaforce ló sì gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn àwo wọn àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́rin tó dá a sílẹ̀ náà ló wà níbẹ̀: H.R. ń kọrin, Dr. Know ń ta gìtá, Darryl Jenifer wà lórí gìtá béèsì, Earl Hudson, tó jẹ́ àbúrò H.R., ń lùlù. Ìlù náà le. Gìtá náà le, ó ń gé bí àdá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ohùn H.R. ló bà mí nínú jẹ́. Kò pariwo. Ó ń kọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí gbogbo ariwo yẹn, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ, wọ́n sì ti ki gbohùngbohùn (echo) bọ̀ ọ́ débi pé gbólóhùn kan kì í tíì kúrò nílẹ̀ kí èkejì tó bá a.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè mọ ìdí tí mo fi banú jẹ́, ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ wọ́n.

Prince George's County ní ìpínlẹ̀ Maryland, tó bá Washington, D.C. pààlà, ni mò ń gbé, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé èèyàn lè lo odidi ọjọ́ kan láìsọ Òyìnbó. Ilé ìkẹ́rùsí kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀ tó jù mí lọ dáadáa, irun rẹ̀ ti funfun, òun ni mo máa ń bá já ẹrù láti aago mẹ́wàá alẹ́. Bàbá ni mò ń pè é. Mo ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ní òru ọjọ́ kan tí oorun fẹ́ gbé mi ṣubú, ó fi gbohùngbohùn etí rẹ̀ kan sí mi létí, ó ní, "Gbọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa."

Mo ti rò pé rẹ́gẹ̀ ni yóò jẹ́, tàbí orin ọkàn (soul). Ohun tó jáde síbẹ̀ ṣe mí bí ìgbà tí wọ́n bá da omi tútù lé èèyàn lórí. Ó yára ju ohunkóhun tí mo ti gbọ́ lọ, síbẹ̀ kò sí ẹsẹ̀ kan tó yẹ̀ nínú ìlù náà. Ohùn kan sì wà lókè rẹ̀ tó ń fò, tó ń han, tó ń balẹ̀, tó tún ń fò. Orin náà parí kí n tó mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀. Àwo kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni, ti ọdún 1980. Kò pé ìṣẹ́jú méjì.

Bàbá náà sọ fún mi pé aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn. Mi ò gbà á gbọ́. Èrò tèmi ni pé orin àwọn ọmọ Òyìnbó tó ń bínú sí òbí wọn ni hardcore punk, irú rọ́ọ̀kì tó kúrú, tó yára, tó sì ń pariwo yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ọmọ Òyìnbó yẹn, ta lo rò pé ó kọ́ wọn?"

Kò purọ́. Ní agbègbè Washington, D.C., ní nǹkan bí ọdún 1976 sí 1977, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin yìí ń ta jáàsì tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì, orin tó gùn tó sì díjú, wọ́n sì ń jẹ́ Mind Power nígbà náà. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ta jáàsì mọ̀ pé ọwọ́ ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ punk, wọ́n kó gbogbo ọwọ́ yẹn wọ inú rẹ̀, wọ́n sì yára sí i ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ. Inú orin kan láti ọwọ́ ẹgbẹ́ punk tó ń jẹ́ Ramones ni wọ́n ti rí orúkọ Bad Brains. Inú ìwé Napoleon Hill, òǹkọ̀wé nípa àṣeyọrí, ni H.R. ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní PMA, ìyẹn ni pé kí èèyàn gbé ọkàn rẹ̀ lé rere bó ti wù kí ó rí, ó sì sọ ọ́ di orin. Wọ́n rí Bob Marley lórí ìtàgé, ó wọ̀ wọ́n lára, wọ́n di Rasta, rẹ́gẹ̀ sì wọ inú orin wọn, kò sì tún jáde mọ́. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìgbafẹ́ ní Washington ò fẹ́ gbà wọ́n láyè mọ́, wọ́n bá forí lé New York.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọdún 1981, nínú yàrá kan ní Avenue A tó ń jẹ́ 171-A. Ilé iṣẹ́ ROIR gbé e jáde ní 1982, kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é sí. Yíyéò ni ara páálí rẹ̀, mànàmáná sì ń já lu orí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. Bàbá náà ṣì ní tirẹ̀. Ó mú un wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan nínú ọ̀rá oúnjẹ, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ike rẹ̀ ti sán. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó dì í mú níwájú mi bí ẹni di ẹyin mú, lẹ́yìn náà ó dá a padà sínú ọ̀rá.

Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo gbé wọ ilé ìtajà àwo lọ, òun ni mo gbé dé iwájú giramafóònù mi. Kì í ṣe òun ló sì jáde.

Mo fi àwo náà pamọ́ fún bí oṣù méjì.

Ohun tó mú mi padà sí i kò bá orin kankan tan. Bàbá mi tó bí mi lọ́mọ ló fà á. Tẹ́nọ̀ ni bàbá mi nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn nílé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ohùn rẹ̀ máa ń la gbogbo ohùn tó kù já. Bí mo bá pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti máa gbọ́ ọ láti ojú títì, mo á sì mọ ibi tí wọ́n dé nínú ìwé orin. Nígbà tó lé ní àádọ́rin ọdún, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kò ya, kò há, ó kàn wálẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi kan ó dé yàrá tí wọ́n ti ń múra, ó bá ẹ̀wù rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, ó jókòó láàárín ìjọ, ó sì kọrin láti ibẹ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, mo bínú débi pé ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀!" Ó ní, "Àkànní, fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ ohùn àtijọ́ ni. Mi ò sì ní in mọ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan fún mi, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ọwọ́ ara rẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé iṣẹ́, mo tẹ́tí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ wọn ni. Tẹ́lẹ̀ rí, ohùn náà ni mò ń gbọ́.

Mo wọlé lọ ṣiṣẹ́. Láàárín òru, ó sọ sí mi lọ́kàn pé ohun tí ìjọ yẹn ṣe fún bàbá mi gan-an ni mo ṣe fún H.R.

Kì í ṣe ọdún 2012 ni ohùn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní 2007 wọ́n ṣe àwo kan tó ń jẹ́ Build a Nation, níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tí mo wá a lọ lẹ́yìn náà: ìlù ń sáré, gìtá ń jó bí iná ọyẹ́, H.R. sì wà láàárín rẹ̀ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ohùn jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó pariwo yóò máa retí títí àwo yóò fi tán. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tó ń sọ yóò rí i pé ìbùkún ló ń sọ, ìfẹ́ ló ń sọ, kò sì sí ìdí kan tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ pariwo ìbùkún mọ́ ẹlòmíràn létí. Àwọn Yorùbá máa ń ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà ni H.R. fi wọ àwo yìí. Ó ti lo ohùn àkọ́kọ́ yẹn. Òru àìmọye ló lò ó, tó ń ta òkìtì sẹ́yìn lórí ìtàgé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń balẹ̀ pẹ̀lú ìlù tó kẹ́yìn. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú wá.

Ohùn rẹ̀ kò sì jẹ́ ohun kan náà rí. Ní 1986, nígbà tí wọ́n ń ṣe I Against I, ẹ̀wọ̀n ni ó wà nígbà tí ó ku orin kan tí kò tíì kọ. Ó kọ ọ́ látinú ẹ̀wọ̀n lórí fóònù, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Sacred Love, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó há sínú wáyà ni yóò gbọ́. Gbogbo èèyàn fẹ́ràn orin náà. A fẹ́ràn ohùn tí ògiri há mọ́. Èwo wá ni ti ohùn tí ọjọ́ orí rọ̀?

Ohun kan wà tí mi ò ní fò kọjá, torí pé mo fẹ́ràn wọn. Ní 1982, nígbà tí ìtara Rasta ṣì ń gbóná lára wọn, wọ́n dé Austin ní Texas, wọ́n sì hùwà tó burú sí ẹgbẹ́ Big Boys tó gbà wọ́n lálejò, nítorí pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni olórin ẹgbẹ́ náà ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri, ó sì tọ́ kí ó tàn. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n sọ pé ó dun àwọn. Mi ò gbàgbọ́ pé orin ìfẹ́ lè san gbèsè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá gbọ́ tí H.R. ń sọ ìfẹ́, ìfẹ́, ìfẹ́ lórí àwo ọdún 2012, mo máa ń rántí Austin, mo sì máa ń tẹ́tí sí i dáadáa láti gbọ́ bóyá ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo tún gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ, ilẹ̀ ti ṣú. Mo pa iná, mo jókòó sílẹ̀ síwájú sípíkà. Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa àwo fúnra rẹ̀ díẹ̀, torí pé lórí fóònù mi kò ní yé mi láéláé.

Àwo ńlá a máa yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í yára, kì í falẹ̀. Ṣùgbọ́n òbìrí etí rẹ̀ fẹ̀, òbìrí tó yí bébà àárín ká kéré. Abẹ́rẹ́ ń rìn bí ààbọ̀ mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá wà létí. Nígbà tó bá fi máa súnmọ́ bébà àárín, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn ni pé bí orin ṣe ń lọ sí òpin, àyè ń fún un. Ohùn tín-ín-rín, irin tí onílù ń gbá, ẹnu gìtá, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń jìyà níbẹ̀. Béèsì ní tirẹ̀ a máa jẹ ilẹ̀. Ìlà rẹ̀ fẹ̀, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹni tó ń gé àwo sì gbọ́dọ̀ fún un láàyè kí ìlà kan má baà wọ inú ìkejì. Bí èèyàn bá gbé àwo sábẹ́ iná, yóò rí i pẹ̀lú ojú. Ibi tí orin ti ń sáré máa ń dán ní ọ̀nà kan, ibi tí rẹ́gẹ̀ ti balẹ̀ a sì dúdú díẹ̀, ìlà rẹ̀ a rí bí ebè tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn.

Bad Brains ti ń da orin méjèèjì pọ̀ láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì yíyéò: orin tó ń sá bí ẹni tí oyin ń lé, lẹ́yìn náà rẹ́gẹ̀ tó dúró bí omi òwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, rẹ́gẹ̀ dà bí ìsinmi tí wọ́n ń mú kí wọ́n tún lè sáré. Lórí Into the Future, eré sísá gan-an ló wá dà bí ohun tí wọ́n ń rántí, rẹ́gẹ̀ sì ni ilé. Popcorn ń fi ẹsẹ̀ jó. Rub a Dub Love ò kánjú lọ ibì kankan. Orin mẹ́tàlá ni gbogbo rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì dárí bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀. Nígbà tí H.R. bá tún ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ lórí àwọn tó yára, mo wá gbọ́ ọ: kò kọrin mọ́ ìlù àbúrò rẹ̀ mọ́. Òkè rẹ̀ ló ń rìn, bí ẹni tó mọ̀ pé ìlù náà kò ní já òun sílẹ̀. Earl ti ń lùlù lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìgbà èwe wọn. Ta ni kò ní gbọ́kàn lé irú ìyẹn?

MCA Dub ló kẹ́yìn àwo náà. Dub ni rẹ́gẹ̀ tí wọ́n bọ́ ohùn kúrò lára rẹ̀, tó ku ìlù, béèsì àti gbohùngbohùn.

Ẹni tó ń jẹ́ MCA ni Adam Yauch. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, nígbà tí ilé ìgbafẹ́ Max's Kansas City ní New York ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, Bad Brains ló ṣeré níbẹ̀. Àwọn ọmọdé kan tó ń jẹ́ Beastie Boys wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Hardcore ni wọ́n ń ta nígbà náà, Yauch ló sì wà lórí gìtá béèsì, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Gbogbo ayé mọ ohun tí Beastie Boys padà dà: ẹgbẹ́ ráàpù ńlá. Ọmọ yìí lówó, ó lókìkí, kò sì gbàgbé. Òun ló padà wá jókòó ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní sítúdíò, tó ṣe Build a Nation fún wọn, níbi tí ohùn jẹ́ẹ́ yẹn wà. Jẹjẹrẹ pa á ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2012, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo yìí jáde.

Àwọn àgbà kò yẹ kí wọ́n máa ṣe ìdárò ọmọdé. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, kì í ní ariwo. Orin náà kò ní ariwo. Béèsì Jenifer ń rìn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbohùngbohùn ń dá nǹkan padà láti òkèèrè, ìlù ń wọlé, ìlù ń jáde. Mo wo abẹ́rẹ́ tó ń súnmọ́ àárín àwo níbi tí àyè ti fún jù, tí kò ti sí ibi tí ohùn tín-ín-rín lè sá sí, tó jẹ́ pé béèsì ló kù. Mo mọ̀ pé bí àwo ṣe rí ni. Síbẹ̀, ojú mi kún.

Àwo tuntun kò tíì tún jáde láti ọwọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn ìyẹn. Ní ìparí ọdún 2015, àìsàn ọkàn burúkú kọlu Dr. Know, ọjọ́ pọ̀ tó lò nílé ìwòsàn kí ó tó gbádùn. Ayé tún gbọ́ pé ẹ̀fọ́rí burúkú kan tí wọ́n ń pè ní SUNCT ń bá H.R. jà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nínú ọpọlọ ní 2017. Wọ́n yàn wọ́n mọ́ àwọn tó lè wọ gbọ̀ngàn iyì rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà ní 2016. Wọn kò wọlé. Bàbá ibi iṣẹ́ mi bínú sí ìyẹn ju bí mo ti rò lọ. Mo sọ fún un nípa ohùn jẹ́ẹ́ náà. Ó ní òun kò fẹ́ràn àwo yẹn rí. Mo ní kí ó tún gbọ́ ọ. Ó ní òun yóò gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé yóò gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe bàbá mi lórí fídíò. Ó béèrè ohun tó ń dún lẹ́yìn mi. Mo gbé fóònù síwájú sípíkà, mo sì jẹ́ kí ojú kejì àwo náà lọ títí. Mo ń rí i lójú fóònù, ó fi ọwọ́ gbá etí rẹ̀ síwájú bí ó ti máa ń ṣe nígbà tó bá ń wá ohùn tirẹ̀ láàárín ohùn àwọn ẹlòmíràn. Kò mi orí, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí MCA Dub parí, abẹ́rẹ́ kàn ń ta tọ́ọ̀, tọ́ọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà àárín.

Ó ní, "Àkànní, ṣé ó ti tán ni, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?"

Mo ní, "Ó ti tán, sà."

Ó ní kí n dá a padà síbi tí ọkùnrin yẹn ti ń kọ ọ́ jẹ́ẹ́. Mo gbé abẹ́rẹ́, mo dá a padà.